Igi Obì Inú Pálọ̀ Ọ̀gá Sójà

Mo rántí ọdún tí ìjọba ológun ní kí gbogbo wa mú sùúrù. Àwa tíṣà mú un débi pé gààrí là ń mu láàárọ̀, òun náà là ń tẹ̀ lálẹ́. Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀gá sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì kọ́ ilé sí ọ̀nà Odigbo, irú rẹ̀ ò sí títí dé Ore. Ayàwòrán-ilé tó mú wá láti Èkó ní ilé olówó ayé ìsinsìnyí gbọ́dọ̀ bá igbó ṣọ̀rẹ́. Ni wọ́n bá fi gíláàsì ṣe ògiri tó kọjú sí igbó, wọ́n fi òkúta odò tẹ́ ilẹ̀, wọn ò sì mọ odi yí i ká. Àwa tí à ń sá fún ejò láti kékeré wá ń wo ẹni tó ń sanwó kí ejò lè máa yọjú kí i. Ṣùgbọ́n ilé náà wù mí kú. Èmi tí òrùlé mi ń jò ni mò ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ọ̀làjú ti dé.

Ohun tó gbayì jù níbẹ̀ ni igi obì tó dúró láàárín pálọ̀. Wọ́n kọ́ pálọ̀ yí i ká ni, wọ́n sì dá òrùlé lu kí orí rẹ̀ lè yọ síta. Igi ìyá mi ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ta ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìdí igi yẹn ni bàbá wọn sin ìwọ́ rẹ̀ sí nígbà tí wọ́n bí i. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ra ilẹ̀ kò ra igi ìwọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ẹbí sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá sójà lójúkojú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọkàn wọn balẹ̀, òun ò ní gé e. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò mọ̀ pé obì orí igi yẹn ló ń ra iyọ̀ àti kẹrosíìnì sílé wa, nígbà tí owó oṣù tèmi ti di ìtàn.

Nígbà tí obì gbó, ìyá mi gbé apẹ̀rẹ̀, ó mú gọ̀gọ̀ tó fi ń ká èso, ó kọrí sí pálọ̀ olówó.

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí," ni mo bẹ̀ ẹ́.

"Ìtìjú kì í ra iyọ̀," ló dá mi lóhùn, ó ń lọ.

Mo bá tẹ̀ lé e, mo ń fi ìborùn bojú. A bá ọ̀gá sójà pẹ̀lú àwọn àlejò rẹ̀, àwọn ẹni ńlá inú ìjọba, gbogbo wọn wọ agbádá funfun. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, ó ní kí wọ́n dákun sún sẹ́yìn díẹ̀. Wọn ò sún. Ó na gọ̀gọ̀ sókè, ó fà á, tanpẹ́pẹ́ orí igi sì rọ̀ lé wọn lórí. Àwọn tí gbogbo ìlú ń gbọ̀n fún ń bọ́ agbádá sọnù, wọ́n ń jó láìsí onílù. Ìyá mi rọra ń ṣa obì rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí ọ̀gá sójà fi ránṣẹ́ pe agégi. Ìyá mi gbọ́, ó ṣáájú ẹ́ńjìnnì agégi débẹ̀, ó jókòó sídìí igi, ó fẹ̀yìn tì í. Mo mọ ohun tí sójà ń ṣe fún ẹni tó bá ta kò wọ́n.

"Màmá, ẹ dìde," ni ọ̀gá sójà wí. "Ilé mi nìyí."

"Ilé rẹ ni, ọmọ mi. Mi ò bá ọ du ilé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sin díẹ̀ lára mi síbí. Tìrẹ ńkọ́, níbo ni wọ́n sin ín sí?"

Ọkùnrin náà ní ìdí ọ̀pẹ kan ní Ajue ni, pé bárékè lòun wà nígbà tí wọ́n gé e kí ọ̀nà mọ́tò lè gba ibẹ̀ kọjá. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí agégi máa lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ò lè bá òjò àti alángbá gbé pálọ̀, ó padà sí Èkó. Ọkùnrin náà dúró. Láti ìgbà náà, tí obì bá ti gbó, òun fúnra rẹ̀ ní í kó àga kúrò nílẹ̀, tó sì ń bá ìyá mi di apẹ̀rẹ̀ mú.

Nígbà tí ìyá mi kú, mo jókòó sílé lásìkò obì. Ẹkún ò jẹ́ kí n lè dé ibẹ̀. Ọ̀gá sójà fi ọ̀pá tilẹ̀ wá bá mi.

"Tíṣà, onílé mi ti lọ," ló wí. "Ta ni kí n máa ṣílẹ̀kùn fún?"

Lóde òní, àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń fi ilé olówó hàn mí lórí fóònù, igi á wà láàárín pálọ̀, wọ́n á ní ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìyẹn. Mi ò bá wọn jiyàn. Tí obì bá gbó, mo gbé apẹ̀rẹ̀ ìyá mi, mo mú gọ̀gọ̀ dání, mo wọ pálọ̀ bàbá arúgbó yẹn láìkànlẹ̀kùn, mo sì ní kó dákun sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.