Ọjọ́ tí Mo Jẹ́ kí Àgbọn Borí Ẹ̀pà

Mi ò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ ní ilé àyẹ̀wò oúnjẹ kan ní Yábàá, láàárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n dá iṣẹ́ kan ṣe fúnra mi. Orí mi wú!

Agbára tó wà nínú oúnjẹ là ń wọ̀n. Kálórì la sì ń pe òṣùwọ̀n rẹ̀. A ó fi oúnjẹ sínú ààrò títí gbogbo omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó wá dáná sun díẹ̀ nínú ìkòkò irin tí a rì sínú omi. Bí omi náà bá ṣe gbóná tó la fi ń mọ kálórì. Bọ́ǹbù là ń pe ìkòkò yẹn. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n tan bọ́ǹbù, mo ti dé ẹnu géètì kí wọ́n tó pè mí padà.

Mátírọ́ọ̀nù ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Sùúrùlérè ló bẹ̀ wá níṣẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ èyí tó ń fúnni lágbára jù nínú ẹ̀pà àti àgbọn tí àwọn ọmọ fi ń mu gàrí, kí wọ́n lè máa ra ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì. Mo ṣe é, àgbọn ló borí. Mo fọwọ́ sí ìwé èsì, awakọ̀ wa gbé e lọ fún wọn.

Àǹtí Rẹ̀mí, ọ̀gá mi, wá yẹ ìṣirò mi wò.

“Fọlákẹ́, ṣé àgbọn gbígbẹ làwọn ọmọ yẹn ń jẹ ni?”

“Rárá mà, tútù ni.”

“Omi tó o gbẹ lára rẹ̀ ńkọ́? O ò kà á mọ́ ọn.”

Mo tún wo ìwé ìṣirò mi. Omi kún inú àgbọn tútù. Ẹ̀pà ò fi bẹ́ẹ̀ ní in.

“Kí lò ń wò? Sáré, kí wọ́n tó ránṣẹ́ sọ́jà!”

Ẹ̀gbọ́n Dèjì, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, gbé mi sẹ́yìn alùpùpù fẹ́sípà wọn. Aṣọ funfun mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bá a ṣe yà ní kọ́nà kan, bàtà mi kan fò lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, bàtà mi!”

“Ṣé bàtà ló ní kálórì ni?” Wọ́n tún tẹná mọ́ ọn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nígbà tá a débẹ̀, mátírọ́ọ̀nù ti kó àwọn ọmọ jọ, ìwé mi wà lọ́wọ́ wọn. “Láti òní lọ, kò sí ẹ̀pà mọ́.” Àwọn ọmọ ń kùn.

“Ẹ̀pà ni o!” Mo pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

Ìhó tí àwọn ọmọ hó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Mátírọ́ọ̀nù wo ojú mi, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. “Ta nìyí?”

“Ẹ má bínú mà, èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Mo ṣì í.” Mo ṣàlàyé pé bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, ẹ̀pà ní kálórì ju àgbọn tútù lọ, torí omi ló gba àyè nínú àgbọn.

Wọ́n ká ìwé náà. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

“Ẹni tó bá sáré wá tú àṣìṣe ara rẹ̀ fó, mo lè gbà á gbọ́,” ni wọ́n sọ. Ẹ̀rín wá pa wọ́n. “Ẹ bá mi bu gàrí fún un jàre.”

Àárín àwọn ọmọ yẹn ni mo jókòó sí, tí mò ń fi ẹ̀pà mu gàrí, tí gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Mo ṣe iṣẹ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì yìn mí lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò sí ìyìn tó dùn tó ti ọ̀sán ọjọ́ yẹn.