Balùwẹ̀ Tí Tàjúdéènì Kò Ṣubú Sí

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó bá Tàjúdéènì gbélé ní Rumuigbo, ní Port Harcourt, ohun tó mú un lẹ́sẹ̀, gbogbo wọn á ní balùwẹ̀ ló ti ṣubú. Onílé á sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì á sọ bẹ́ẹ̀, á sì búra lé e. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn, ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n ń sọ. Èèyàn mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn: Tàjúdéènì fúnra rẹ̀, Ọ̀gá Adéwọlé tó jẹ́ fóómàn wa, àti èmi Táyọ̀ tí mò ń kọ èyí. Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Tàjúdéènì nìkan ló jìyà irọ́ tí a jọ pa.

Ọmọ Ìwó ni Tàjú. Lọ́dún 1999 ló wọ Port Harcourt, ó ń wá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan tó jẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Nígbà tó fi máa débẹ̀, wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n náà lọ sí Kàtsínà, kò sì sówó tí yóò fi padà sílé. Mọ́ṣáláṣí ló sùn fún oṣù kan. Ó ru sìmẹ́ńtì, ó gbẹ́ kòtò, ó fi ìyà jẹ ara rẹ̀ títí ó fi kọ́ iṣẹ́ rígà ní yáàdì kan ní Trans-Amadi. Rígà ni ẹni tó ń so ẹrù mọ́ kéréènì, tó sì ń fi ọwọ́ júwe fún ẹni tó ń wà á. Ọwọ́ Tàjú mọ́ lórí iṣẹ́ náà. Ẹnu rẹ̀ ni kò mọ́: nítorí pé Ìjẹ̀bú ni mí, tí mo sì ń ṣọ́ sítọ́ọ̀, ó ní bí mo bá fún èèyàn ní bóòtù kan, àfi bí ẹni tó yọ eyín ara rẹ̀ tọrẹ. Ó fẹ́ Sàlímọ́tù, wọ́n bí ọmọ méjì, Sàlímọ́tù sì ń ta omi tútù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò níwájú ilé.

Lọ́dún 2014, pátákó kan wà lẹ́nu géètì yáàdì wa tí wọ́n ti ń kọ iye ọjọ́ tí a ti fi ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó farapa. Ilé iṣẹ́ epo tó gbéṣẹ́ fún wa ti ṣèlérí pé bí a bá lè pé ọdún kan gbáko, àwọn yóò fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fírísà kan, àwọn yóò sì fi ọdún méjì kún kọ́ńtíráàtì wa. Láti ìgbà náà, bí irin bá gé èèyàn lọ́wọ́, ṣe la máa ń fi àkísà dì í tí a ó sì máa báṣẹ́ lọ. Sàlímọ́tù ti ń wọn ibi tí fírísà yóò dúró sí nínú yàrá. Ìyàwó tèmi náà ń wọn tiẹ̀.

Ọjọ́ tí pátákó yẹn pé 361 ni páìpù kan fì lókè, tó wá gbá Tàjú ní ìbàdí, tó sì fún un mọ́ irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo dúró de páìpù náà láti kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀gá Adéwọlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹni tó ń wa kéréènì kò rí i, ẹrù dí i lójú. Tàjú kò ké. Ó jókòó sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ó ti gbá mi." A gbé e wọ sítọ́ọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yọjú.

"Tàjú, ọjọ́ mẹ́rin ló kù," ni Ọ̀gá Adéwọlé wí. "Ọjọ́ mẹ́rin péré. Bí wọ́n bá kọ èyí sílẹ̀, wọ́n á pa nọ́ńbà yẹn rẹ́, kọ́ńtíráàtì á lọ, ọgọ́fà èèyàn á padà sílé. Sọ pé ilé lo ti ṣubú. Èmi ni màá sanwó ọsibítù. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, màá fúnra mi bá àwọn inṣọ́ránsì sọ ọ́ tó bá yá."

Tàjú ní, "Ọ̀gá, ó ń dùn mí wọnú egungun."

Ni bàbá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ sítọ́ọ̀ tó kún fún gíríìsì, tòun ti akoto lórí. Ìlú kan náà ni òun àti Tàjú ti wá, ó sì tó bí i lọ́mọ. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Òyìnbó á ní kó dìde kí wọ́n jọ lọ kọ fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ọmọ tí a tọ́ dáadáa, bí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún un, kò lè ní òun kò gbọ́. Ẹni tí páìpù gbá wá di ẹni tó ń bẹ ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ dìde, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mo ti gbà." Ó wá yíjú sí mi. "Táyọ̀, níbo nínú ilé ni kí n ní mo ti ṣubú?"

Èmi ni mo ní, "Sọ pé balùwẹ̀ ni. Ṣebí o ní ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló sọ fún nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sínú káàdì. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí láti fi gba ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ ló sọ fún gbogbo ará ilé, àfi Sàlímọ́tù nìkan. Wọ́n fún un ní oògùn ìrora, wọ́n ní ẹran ara rẹ̀ nìkan ló farapa, kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí onílé wọn, Pa Dagogo, gbọ́, kò lè jẹun. Ará Kalabari ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó wọlé wá bá Tàjú, ó ní, "Taju, na my house do you this thing." Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti mú bíríkìlà wá, ó fọ́ gbogbo ilẹ̀ balùwẹ̀ náà, ó sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ ní gbágungbàgun tí ẹsẹ̀ kò fi ní lè yọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ó tún gbé odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan wá. Tàjú sọ fún mi pé òun kò lè jẹ nínú rẹ̀.

Fírísà dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín in, gbogbo wa fọwọ́ sí ìwé pé ẹnikẹ́ni kò farapa lọ́dún náà. Ọ̀gá Adéwọlé gbé fírísà Tàjú àti ìwé náà lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, Tàjú náà sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tó fi máa di Dìsẹ́ńbà, kò lè tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀ mọ́. A gbé e lọ ya àwòrán egungun ní ọsibítù ńlá tó wà ní Alakahia. Dókítà tó wò ó ní ọrùn egungun itan rẹ̀ ti sán láti ọjọ́ kìíní, ìrìn tó ń rìn lórí rẹ̀ ló yẹ̀ ẹ́ kúrò láyè, ẹ̀jẹ̀ kò dé orí egungun náà mọ́, ó sì ń kú lọ. Iṣẹ́ abẹ ni, kí wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Tàjú kò lè rí irú owó bẹ́ẹ̀ láéláé. Inṣọ́ránsì ilé iṣẹ́ wa lè san án, bó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ló ti farapa. Ohun tó wà nílẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: bí wọ́n bá san án, á rìn, bí wọn ò bá san án, kò ní rìn mọ́.

Ó pe Ọ̀gá Adéwọlé. Wọ́n ti gbé ọ̀gá lọ sí yáàdì wa tó wà ní Warri, wọ́n sì ti fi kún owó oṣù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbé fóònù náà, ó ní, "Àbúrò mi, fara balẹ̀, mò ń bá wọn sọ ọ́." Kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Ni Tàjú bá kọ lẹ́tà sí àwọn inṣọ́ránsì fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ní Fẹ́búárì ni àwọn inṣọ́ránsì rán ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sotonye wá wádìí. Mo wà níbẹ̀, mo mú búrẹ́dì lọ kí Tàjú. Ọmọ náà kò hùwà burúkú kankan. Ó kí gbogbo wa, ó jókòó ti Tàjú, ó sì kọ gbogbo ohun tó sọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ rí balùwẹ̀ tó wà nínú káàdì kílíníìkì. Pa Dagogo ló mú un lọ.

"My daughter, na here e fall," ni bàbá náà wí, àánú kún ojú rẹ̀. "I no fit sleep that week. I break everything, put new one. Remove your shoe, feel am."

Sotonye bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó tẹ ilẹ̀ náà wò. Ó ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn ará ilé ti pé jọ, kálukú ń sọ bí ilẹ̀ àtijọ́ ṣe máa ń yọ̀ tó. Fèrèsé Tàjú kọjú sí ibẹ̀. Ó nahùn láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Táyọ̀, o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Sọ fún un."

Sotonye kò gbọ́ Yorùbá. Ó yíjú sí mi. "Oga, wetin e talk? You and am dey work for the same place?"

Ọmọ mẹ́ta ni mo ní nílé ẹ̀kọ́. Oṣù méjì sí i, wọ́n máa gbé orúkọ àwọn tí kọ́ńtíráàtì tuntun kàn jáde. Èmi náà ti fọwọ́ sí ìwé pé ẹnikẹ́ni kò farapa. Gbogbo rẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Na water e want," ni mo wí. "I just come greet am."

Mo wọlé, mo bu omi sínú kọ́ọ̀pù fún Tàjú. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò mu ún. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, ó sì ń tì mí di òní.

Lẹ́tà wọn dé ní Máàṣì. Káàdì kílíníìkì ní ilé ló ti ṣubú, ìwé ìsinmi ní ilé ni, ìwé yáàdì ní ẹnikẹ́ni kò farapa, onílé sì fi ilẹ̀ náà han àwọn. Nítorí náà, àwọn kò ní san. Àfi bí ó bá lè rí òṣìṣẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, kí ẹni náà kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó sì fọwọ́ sí i láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Wọ́n kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n tún kí i kú ìfaradà.

Tàjú ránṣẹ́ pe Pa Dagogo, ó jẹ́wọ́ fún un, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun kọ̀wé pé àgbọ́sọ lásán ni ohun tí bàbá náà sọ fún Sotonye. Bàbá náà wo balùwẹ̀ láti ojú fèrèsé. "So you dey look me as I dey break my floor," ló wí, "you no talk." Ó dìde, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, ọ̀ọ́kán ló ti máa ń kí wọn.

Ó wá ku èmi. Sàlímọ́tù wá sílé mi, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mo ní, "Dìde, ìyàwó wa. Mọ́ńdè ni màá kọ ọ́." Mọ́ńdè kọjá. Ó tún wá, mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Mọ́ńdè kejì kọjá. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, kò wá mọ́. Mo ti sọ fún yín lókè pé ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í kọ ẹ̀bẹ̀, ẹ sì lè fi èyí mọ irú ọmọ tí èmi jẹ́.

Ní Épírì, orúkọ mi jáde. Ní Júùnù, Sàlímọ́tù ta fírísà, wọ́n fi owó rẹ̀ háyà mọ́tò lọ sí Ìwó. Òpópónà mẹ́ta péré ló wà láàárín ilé mi àti ilé wọn. Mo gbọ́ pé ọkùnrin mẹ́rin ló gbé Tàjú wọnú mọ́tò. Èmi wà nínú yàrá, mo ti ilẹ̀kùn.

Lọ́dún 2017, wọ́n lé mi níṣẹ́ ní yáàdì láìsọ ìdí. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo jókòó tí mo kọ ọ́, ojú ìwé mẹ́ta: páìpù, gíríìsì, ìdọ̀bálẹ̀, omi tí Tàjú kò béèrè. Kí n má tan ara mi, ìgbà tí òtítọ́ kò lè gba oúnjẹ lẹ́nu mi mọ́ ni mo tó sọ ọ́. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn inṣọ́ránsì ní Old GRA. Sotonye ti di ọ̀gá níbẹ̀. Ó kà á látòkè délẹ̀.

"You be the man wey talk say na water," ló wí. Kò gbóhùn sókè. "This file don close since, sir. E pass two years." Ó ká a padà, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn ò sọ fún wa pé ọ́fíìsì lè ti ilẹ̀kùn kí òtítọ́ tó dé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo pe Ìwó. Tàjú fúnra rẹ̀ ló gbé e. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní òun ń bá àwọn èèyàn gba iná sí fóònù níwájú ilé bàbá òun, igi méjì lòun fi ń rìn dé ilé ìyàgbẹ́, Sàlímọ́tù ló ń bọ́ àwọn. Ó béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá sọ fún un pé mo ti kọ̀wé náà, pé mo ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, pé wọn ò gbà á. Mo ka gbogbo ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i létí. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi títí mo fi parí.

"Táyọ̀," ó ní, "ta lo wá kọ ọ́ fún?"

Ó dúró, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó ń retí èsì mi, títí owó fóònù mi fi tán.