Igbe Gíà Kejì

Ọkọ̀ bàbá mi máa ń sunkún kó tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ni ọkọ̀ náà lọ́jọ́ orí. Gíà rẹ̀ wà lára sítẹ́ẹ̀rìn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà yẹn. Títì tó wọ ilé wa ní Ojówò gun òkè díẹ̀, bàbá mi á sì fà á sí gíà kejì. Eyín gíà yẹn ti jẹ. Á máa ké bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, títí dé ẹnu géètì. Bí ìyá mi bá ti gbọ́ igbe yẹn, á gbé omi ẹ̀bà kaná. Kí bàbá mi tó bọ́ bàtà, kó tó ṣàròyé tán nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá sí kíláàsì rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, omi á ti hó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sì tún ń ṣe é nígbà tí èmi náà ti ń lo awò ojú.

Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ dẹnu kọlẹ̀. Gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ há, a fi tapólì bò ó lẹ́yìnkùlé. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, bàbá mi kú. Ìyá mi wà níbi ìsìnkú, ó da erùpẹ̀ sí sàréè pẹ̀lú wa. Ṣùgbọ́n ìrántí rẹ̀ ti ń jò nígbà yẹn, kò sì pẹ́ tó fi gbàgbé sàréè. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, á gbé àga sí fàráńdà, kò ní jẹun.

“N ò tíì gbọ́ ọkọ̀ bàbá yín,” ni yóò máa wí.

Bí mo bá ní Bàámi ti kú, á sunkún lákọ̀tun, lọ́jọ́ kejì á tún gbé àga síta. Mo jáwọ́. Ó ń rù lójú mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Mo bá ní kí n tún ọkọ̀ náà ṣe. Èrò mi ò ju pé kí ìyá mi rí i tó wọlé, kó jẹun.

Mẹkáníìkì tí bàbá mi ń lò ti darúgbó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó sọ gíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ọ́ìlì tó dà jáde dúdú, irin wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀. Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ sórí àpò ìrẹsì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ kàn án, títí kan èmi tí mo gbé e wá. Lẹ́yìn náà ló mú gíà kejì sókè. Eyín rẹ̀ ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọṣẹ.

“Ọghọ́ bàbá rẹ rèé,” ó ní. Ọwọ́ bàbá mi ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́, lórí òkè kan náà. “Bèárìn ló bàjẹ́. Kò sí ohun tó ṣe èyí, igbe lásán ló ń ké. Ṣé kí n dá a padà?”

Mo máa ń tètè bínú. Mo ní, “Bàbá, ẹni tó bá máa jẹ ọ̀pọ̀lọ́, kó jẹ èyí tó lẹ́yin. Ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Ọkọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀rọ ìlọta.”

Ó wò mí, ó ní ó dáa. N kò sọ ohun tí mo fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe fún un. Ká ní mo sọ ọ́ ni, bóyá òun ni ì bá rán mi létí. Mo lọ wá gíà mìíràn dé Ìlápòrú, nínú ọkọ̀ irú rẹ̀ kan tí ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, mo wà á bọ̀ nírọ̀lẹ́. Gíà ń wọlé wẹ́rẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Mo yà sí àdúgbò wa, mo fà á sí gíà kejì, ọkọ̀ gun òkè, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ibẹ̀ ni mo rántí igbe yẹn. Mo tún gíà náà fà, mo tẹná mọ́ ọn, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ké. Kò ké.

Nígbà tí mo gbé e wọlé, ìyá mi wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó kí mi bí ẹni ń kí àlejò.

“Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún ọkọ̀ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ mi máa tó dé, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé tiwọn sí.”

“Màámi, ọkọ̀ Bàámi nìyí.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Tiwọn máa ń ké,” ó ní.

Mo sún un. Mo jókòó sínú rẹ̀, mo sunkún dáadáa.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo sáré lọ bá mẹkáníìkì. Àwọn tó ń ra irin ti kó gíà àtijọ́ lọ. Mo wá a títí, n kò rí i. Nígbà tí mo délé, ìyá mi ti gbé àga síta. Ó bi mí bóyá ọkọ̀ tó wà lẹ́bàá ògiri yẹn ò ní dínà. Mo ní kò ní dínà, Màámi. Mo gbé àga tèmi náà wá, mo jókòó tì í.