Ọjọ́ tí Orúkọ Ọkọ Mi Jáde Nínú Kọ̀ǹpútà

Kòsáì, àkàrà àwọn Hausa, ni wọ́n máa ń dín lẹ́nu géètì àgọ́ ọlọ́pàá yẹn. Òórùn epo rẹ̀ á bá èèyàn wọ inú ọgbà, á dàpọ̀ mọ́ eruku ọyẹ́. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn náà níbikíbi ní Kaduna, kántà wọn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ọ̀rúndún tó kọjá ń kógbá sílé nígbà náà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Barnawa, ọkọ mi sì ń ta bàtà ní Tudun Wada. Ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ ló sọnù. Ó wọ aṣọ funfun, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ọlọ́pàá pé kí wọ́n bá òun kọ ìwé pé ó sọnù lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, èyí tí wọ́n fi wáyà tẹlifóònù so mọ́ ti àwọn ọlọ́pàá ìlú mìíràn, tó fi jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá kọ n'Ìbàdàn, Kaduna á rí i. Wọ́n tẹ orúkọ ọkọ mi sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ní wọ́n ń wá a n'Ìbàdàn, pé ó jí ọkọ̀ gbé. Inú àgọ́ yẹn náà ni wọ́n ti tì í mọ́lé.

Nígbà tí mo débẹ̀, àánú mi ṣe sájẹ́ǹtì tó wà ní kántà. "Malama, ki yi haƙuri," ó ní kí n ṣe sùúrù. "Ẹ̀rọ kì í parọ́."

"Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ńkọ́?" mo bi í. "Ọmọ ọdún mélòó ni olè yẹn? Báwo ló ṣe rí?"

Ó wo ojú ẹ̀rọ. Orúkọ nìkan ló wà níbẹ̀, orúkọ àti ẹ̀ṣẹ̀. Ìwọ náà sì mọ bí orúkọ wa ṣe máa ń jọra. Nínú ìpàdé àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí o bá pe orúkọ ọkọ mi, kì í ṣe ẹnì kan ló máa dáhùn. Mo ní kí wọ́n béèrè ìyókù lọ́wọ́ Ìbàdàn. Wọ́n ní láìnì kò lọ. Mo ní màá dúró dè é.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì. "Ìyàwó, jẹ́ ká wá nǹkan fún wọn, kí wọ́n fi í sílẹ̀." Ìfẹ́ àbúrò rẹ̀ ló mú un sọ ọ́. Ó sì wù mí kí n gbà, torí mo ti rí ọkọ mi lẹ́yìn irin, aṣọ funfun yẹn ti rún, kò lè wo ojú mi. Ṣùgbọ́n mo rò ó: bí a bá fún wọn ní nǹkan, orúkọ yẹn ò ní kúrò níbẹ̀. Bó bá dọ̀la, wọ́n lè mú un ní Zaria, lọ́jọ́ mìíràn ní Jos. "Ẹ má bínú sà," mo ní. "Mi ò kúrò níbí."

Bí ilé ìwé bá ti ń jáde ni mo ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀, màá máa máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi lórí bẹ́ǹṣì wọn. Wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, ara wọn ò gbà á mọ́. Obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá wọn jáde sí mi níkẹyìn. "Malama, kina da taurin kai," ó ní orí mi le. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ó ń gbìyànjú láìnì títí ó fi wọlé.

Èsì tó dé kò gùn. Olè tí wọ́n ń wá kò ní ìka méjì ní ọwọ́ òsì.

Wọ́n mú ọkọ mi jáde, wọ́n ní kó nawọ́. Ó la ìka rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ fẹ́ yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò kó tó jẹun. Gbogbo wọn pé. Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

"Màmá wọn, ó ti tó, jẹ́ ká máa lọ," ọkọ mi sọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ní kó jókòó. Mo yíjú sí ọ̀gá náà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe òun. Gbogbo ibi tí ti àkọ́kọ́ dé, kí èyí náà débẹ̀." Ó tún fa àga rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, mo sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, mò ń kà á bó ti ń jáde: ọjọ́ orí ọkọ mi, ìlú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní mo ti le jù, pé wọ́n ṣáà ti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ láti ìgbà náà pé wọ́n lè tú èèyàn sílẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ ṣì wà látìmọ́lé. Wọn ò mú un mọ́. Síbẹ̀, bí òṣìṣẹ́ kan bá béèrè orúkọ rẹ̀ ní báńkì tàbí ní ọsibítù, ọkọ mi máa kọ́kọ́ wo ojú mi. Màá mi orí sí i, á wá pè é ketekete, tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀.