Ìwé Ìwọ̀n Tí Gbogbo Ọwọ́ Ń Kọ Sí

Ẹ fún mi ní etí yín díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù kọ́ni bíi tèmi. Ohun tí ojú mi rí nídìí kíláàsì orí fóònù lọ́dún yìí, n kò ní fi pamọ́. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri Bàrígà pé ìyá arúgbó kan ba iṣẹ́ jẹ́. Èmi ni ìyá arúgbó náà. Ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Télọ̀ ni mí. Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò níléèwé, àmọ́ ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gé aṣọ, àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ sì ti di ọ̀gá lọ́tùn-ún lósì.

Kí ló wá gbé mi dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì? Orókún ni, àti ẹja. Orókún mi kò fẹ́ ìdúró pípẹ́ mọ́. Àwọn obìnrin tó sì ń fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé Ìlàjẹ, ẹja ni wọ́n ń tà. Nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù bá jókòó sídìí maṣíìnì, àwọn wà létí ọ̀sà, wọ́n ń dúró de àwọn apẹja. Ọ̀kan nínú wọn, Rìsíkátù, ló bi mí pé ṣé n kò lè máa sọ iṣẹ́ náà sórí fóònù, kí òun máa gbọ́ ọ nígbà tí òun bá tajà tán. Mo ní kí ló dé tí n kò ní lè ṣe é? Ṣebí ẹnu tí mo fi ń kọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀bù náà ni n ó fi sọ ọ́.

Ọmọ mi obìnrin, Bọ̀sẹ̀, ló bá mi gbé kíláàsì náà kalẹ̀. Ó ní kí èmi náà máa tẹ fóònù kiri, pé kì í bàjẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ kiri. Obìnrin mẹ́rìnlá ló wọlé. Mo ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn, mo ń ya àwòrán bébà tí mo gé, mo sì kọ ìwé kan síbẹ̀ tí gbogbo wọn lè ṣí, lórí bí a ṣe ń gé bùbá.

Inú ìwé yẹn náà ni mo kọ ìwọ̀n ìdánwò sí. Ẹgbẹ́ télọ̀ wa máa ń dán ọmọ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó lè ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, kí wọ́n sì kúrò lábẹ́ ọ̀gá. Ère kan wà tí wọ́n máa ń wọ aṣọ fún. Àyà rẹ̀ jẹ́ ogójì ínṣì. Mo kọ ọ́: àyà, ogójì. Pín in sí mẹ́rin, ó di mẹ́wàá. Fi àyè ojú ìrán àti àyè mímí kún un. Mo kọ èjìká, mo kọ ọrùn, mo kọ apá.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe.

Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ á mọ ìwé ìwọ̀n. Orí tábìlì ló máa ń wà ní ṣíṣí, pẹ̀lú bírò lórí rẹ̀. Bí oníbàárà bá wọlé, ọmọ iṣẹ́ tó bá wà nítòsí á fa téèpù yọ, á wọ̀n ọ́n, á kọ ọ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń tọrọ àyè kó tó kọ nǹkan sínú ìwé ìwọ̀n. Ọ̀gá tó bá tì í mọ́ inú àpótí, ahun ni wọ́n máa pè é. Nítorí náà, nígbà tí fóònù bi mí pé ṣé kí wọ́n kàn máa wo ìwé náà ni, àbí kí wọ́n lè kọ nǹkan sí i, ṣé ẹ rò pé mo rò ó lẹ́ẹ̀mejì? Mo ní kí gbogbo wọn máa kọ.

Ọjọ́ ìdánwò dé, ní ṣọ́ọ̀bù Alága ẹgbẹ́ wa ní Fọlá Agoro. Bùbá Rìsíkátù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún ère náà. Kò kọjá èjìká. Ti ẹni tó tẹ̀lé e fẹ̀ débi pé ẹni méjì lè wọ inú rẹ̀. Nínú mẹ́rìnlá, mẹ́sàn-án ni kò bá ère mu. Ẹnì kan lẹ́yìn ní bóyá fóònù ló gé e. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Rìsíkátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ká bùbá rẹ̀, ó fi há abíyá, ó ń wo ilẹ̀.

Alága wa kéré sí mi dáadáa, ó sì mọ̀wà hù. Ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní kí n máà bínú, pé mo ti ṣe é dé ibi tí agbára mi mọ. Ó ní ẹgbẹ́ ti rí ọ̀dọ́bìnrin kan tó ka ìwé rẹpẹtẹ, pé òun ni yóò máa kọ́ wọn nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárọ̀, lójúkojú. Ẹni tí kò bá lè wá láàárọ̀, kó dúró di ọdún mìíràn.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ni kò ní lè wá láàárọ̀? Bí Rìsíkátù bá fi etí ọ̀sà sílẹ̀ láàárọ̀, kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ? Bí kò bá sì fi í sílẹ̀, iṣẹ́ tó fi odidi ọdún kan kọ́ ti wọmi nìyẹn.

Nígbà tí mo délé, Bọ̀sẹ̀ náà gbè sẹ́yìn wọn. Ó ní kí n lọ sinmi, ṣé ó wá yẹ kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ orí mi? Mo ní wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí, nígbà tí mo gé apá aṣọ oníbàárà ọ̀gá mi kúrú, n kò sì kú. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni du aṣọ tuntun. Inú àkísà ni mo ti mọ iṣẹ́.

Mo fi awò sójú, mo ṣí ìwé náà. Àyà: mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mo bọ́ awò, mo nù ún, mo tún un kà. Ta ló gbé ogójì mi lọ?

Mo bá ń tẹ̀ ẹ́ kiri títí mo fi débì kan tó to gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wá ibẹ̀ rí lórí fóònù yín o. Ó máa ń parí ìjà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ yí i padà ni ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rìnlá náà, obìnrin kan báyìí tó ń ta bọ́tìnì ní Fádèyí. Ó kọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo pè é. Ó ní, "Màmá, ṣebí ìwé ìwọ̀n ni? Mo rí àyà níbẹ̀, mo bá wọn ara mi, mo kọ tèmi sí i." Ẹlòmíràn dé, ó pa ìyẹn rẹ́, ó kọ tirẹ̀. Ẹni mẹ́fà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn márùn-ún tó ti tètè gé aṣọ wọn bá ogójì níbẹ̀, àwọn ló yege. Rìsíkátù ò kọ nǹkan kan ní tirẹ̀. Ìwọ̀n ará Fádèyí ló bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ gé aṣọ, òun ló sì gé.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ bá Alága. Mo ní ẹ̀bi náà, tèmi ni, kì í ṣe ti fóònù, kì í ṣe ti àwọn obìnrin yẹn. Ó ní ó dára bí mo ṣe gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹgbẹ́ ti pinnu.

Mo ní, "Ẹgbẹ́ ló ń fún wọn níwèé ẹ̀rí, Alága. Ẹgbẹ́ kọ́ ló fún mi ní akẹ́kọ̀ọ́. N kò gbé kíláàsì mi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ fún mi, kí àwọn mẹ́sàn-án náà lè tún bùbá wọn rán. Ẹ sì gbé ère yẹn sẹ́yìn, ara yín ni wọ́n máa rán an fún."

Alága rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ara tèmi kì í dúró lójú kan bí ère o." Ṣùgbọ́n ó dìde, ó na apá méjèèjì, mo fa téèpù yọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ti ìwé àkọ́kọ́ pa, kí wọ́n kàn lè máa wò ó, kí wọ́n má lè kọ nǹkan sí i mọ́. Mo wá ṣe ẹ̀dà kan fún oníkálukú, mo kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ iṣẹ́ náà sórí rẹ̀: "Rìsíkátù, bùbá Alága." Nínú ẹ̀dà tirẹ̀, kó kọ ohun tó bá wù ú, kò lè ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo gba fóònù Bọ̀sẹ̀, mo fi í wọlé bí akẹ́kọ̀ọ́, kí n lè rí ohun tí ojú wọn máa rí. Ó dára tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìwé mẹ́ta ló kọ̀ tí kò ṣí, mo sì tún wọn ṣe.

Mo ní kí wọ́n gbé ìwé náà sínú fóònù wọn níbi tí nẹ́tíwọ̀kì bá ti dáa, kó lè máa ṣí láìsí dátà. Mo pa fídíò tì, torí ó ń jẹ dátà wọn bí iná ṣe ń jẹ epo. Ohùn àti àwòrán ti tó. Mo sì fi òfin kan lélẹ̀: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ya àwòrán bébà tó gé, pẹ̀lú téèpù lórí rẹ̀, kí n rí i. Rìsíkátù fi tirẹ̀ ránṣẹ́ nígbà mẹ́rin. Mo dá a padà nígbà mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Àwọn mẹ́sàn-án náà kó bùbá wọn dé. Alága wọ ti Rìsíkátù. Ó gbé apá méjèèjì sókè bí àwa télọ̀ ṣe máa ń ṣe, bùbá náà kò bá a gòkè. Ó jókòó, ó dìde, ó yẹ ojú ìrán wò lábẹ́. Mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ló bá a mu. Ẹni kẹsàn-án gbé ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù.

Alága kọ orúkọ àwọn mẹ́jọ náà mọ́ ti àwọn tó yege. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń tajà láàárọ̀ máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Màmá, kí àwọn tó ráyè láàárọ̀ máa lọ bá ọ̀dọ́bìnrin náà. Nígbà tí Rìsíkátù na ọwọ́ láti gba bùbá rẹ̀, Alága ní òun kò bọ́ ọ mọ́. Ó wọ̀ ọ́ lọ sílé.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá fẹ́ fún gbogbo èèyàn ní kọ́kọ́rọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́wọ́, kí ẹ tún un ṣe. Ìjẹ́wọ́ ò sọ pé kí ẹ dìde kúrò lórí àga.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti sọ fún yín rí pé iṣẹ́ yìí ti ju ọjọ́ orí yín lọ, tàbí ìwé tí ẹ kà? Kí lẹ dá a lóhùn? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń kàwé, ṣùgbọ́n mo máa ń kà á tán.