Ọdún Márùn-ún Tí Wọ́n Gé Lára Ìdíátù

Inú ń bí Ìdíátù, ó sì yẹ kó bí i. Ìyá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń ta ata ní Ṣáṣá, bọ́ọ̀lù sì ni ọmọ ń gbá ní tirẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìgándò. Nígbà tó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ìdíje àwọn tí kò tíì pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dé. Àǹtí Olúfúnkẹ́, olùkọ́ eré ìdárayá wọn, fà á lọ́wọ́ lọ sí kóòtù, ó ní kó búra pé mẹ́rìnlá lòun. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé ìbúra náà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

"Ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù lèyí jàre, kì í ṣe tilé. Ta ni kì í gé e?"

Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ, orí Àǹtí wú. Ìdíátù di agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó oṣù, títí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀. Ó padà sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ Ìgándò yẹn, ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin fún ọdún mọ́kànlá nínú òjò àti ẹrẹ̀, ó sì ń kàwé kóòṣì títí ó fi gba ìwé-àṣẹ.

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan ní Ayọ̀bọ̀ ń wá kóòṣì àgbà. Wọ́n ní ẹni náà gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Mẹ́tàdínlógójì ni Ìdíátù. Nínú ìwé ìbúra yẹn, méjìlélọ́gbọ̀n.

Ó wọlé síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yan kóòṣì náà, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún. Ta ló jókòó sórí àga alága? Àǹtí Olúfúnkẹ́ ni o! Ó gbé gíláàsì sójú, ó ń wo ìwé náà bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ó mà ṣe o, Ìdíátù. O ò tíì dàgbà tó. Ìwé kì í purọ́."

Ojú kì í ti àwọn kan ṣá! Ẹni tó gé nǹkan ló tún ń bú u pé ó kúrú.

"Mà, ẹ̀yin lẹ gé e."

"Èmi kẹ̀? Ìwọ lo búra, àbí èmi ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ìdíátù lọ́kàn, nítorí òótọ́ ni. Al-Kùránì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Inú bí i sí Àǹtí, ó bí i sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá jẹ́wọ́, wọ́n lè gba ìwé-àṣẹ kóòṣì lọ́wọ́ òun pátápátá. Ó dìde, ó mú bírò, ó fa ìlà sórí ọdún irọ́ náà. Ó kọ ọdún tí ìyá rẹ̀ bí i gan-an, ó fọwọ́ sí i, ó sì ti ìwé náà àti bírò síwájú alága.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹlẹ́rìí irọ́, mà. Ẹ ṣe ti òótọ́ náà."

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yòókù yíjú sí Àǹtí. Bírò wà níwájú rẹ̀. Kò mú un.