Ọjọ́ Tí Atẹ́gùn Fẹ́ Gba Ìbọn Lọ́wọ́ Bàbá Ọkọ Mi

Nígbà tí mo di ìyàwó ní Ayọ̀bọ̀, oko ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Ọdẹ ni bàbá ọkọ mi láti kékeré, ṣùgbọ́n kí n tó dé, ẹran ìgbẹ́ ti sá fún katakata àwọn tó ń kọ́lé. Kannakánná nìkan ló kù tí Bàbá ń bá jà. Bí àgbàdo ẹ̀yìnkùlé bá ti yọrí nínú ilẹ̀ báyìí, wọn á bà lé e, wọn á fà á tu, wọn á jẹ hóró ìdí rẹ̀, wọn á sì máa rìn káàkiri inú poro bíi lánlọ́ọ̀dù tó wá wo ilẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Bàbá le ju kannakánná lọ. Wọ́n ti ṣèpàdé pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Bí ó bá tún yìnbọn lẹ́ẹ̀kan sí i tí kò ba nǹkan kan, wọ́n máa gba ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n máa gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Ìkòtún. Wọ́n sọ ọ́ lójú rẹ̀. Odidi ọjọ́ méjì ni Bàbá kò fi jẹun kánú. Ìbọn yẹn ló kù tó fi ń pe ara rẹ̀ ní ọdẹ. Ọkọ mi wá fi mí ṣọ́ ọ, pé bí Bàbá bá fẹ́ jáde, kí n dá a dúró. Èmi ìyàwó oṣù mẹ́rin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ọkọ mi lọ sí Shasha, atẹ́gùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà, irú èyí tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, tó ń ṣí páànù, tó ń gbé aṣọ orí okùn lọ sílé aládùúgbò. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi òróró nu ìbọn. Kannakánná wà lẹ́yìnkùlé. Gbogbo wa mọ ohun tó ń rò. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni bi ọdẹ bóyá ó ń lọ tàbí ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá bi í ti ba ọjọ́ náà jẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá ẹni tí n kò gbọ́dọ̀ bi léèrè dúró?

Ìyá ọkọ mi ò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Èmi ló kọjú sí.

"Ìyàwó mi, atẹ́gùn yìí le o. Ẹni tó bá gbọ́n á jókòó sílé lónìí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Bàbá náà kọjú sí mi. "Ìyàwó, kannakánná kì í lè fò ga nínú atẹ́gùn. Tó bá kọjú sí i, ojú kan ló máa wà, bí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ gun òkè. Ọdẹ tó bá mọṣẹ́, irú ọjọ́ yìí ló ń dúró dè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ìyá tún dá a padà sọ́dọ̀ mi. "Ìyàwó mi, tí atẹ́gùn bá ń hó báyìí, ṣé èèyàn lè gbọ́ nǹkan kan ni?"

Bàbá tún fi òróró nu ẹnu ìbọn. "Tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá sún mọ́ èèyàn, á gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tì mí síwá sẹ́yìn. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀rù ọkọ mi sì ń bà mí. Nígbà tó yá, Ìyá dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní òun fẹ́ lọ já gbúre díẹ̀ lẹ́bàá oko. Nínú atẹ́gùn yẹn, jàre. Bàbá náà dìde, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo gbé agbọ̀n, mo tẹ̀ lé wọn.

Fìlà Bàbá ni atẹ́gùn kọ́kọ́ gbé lọ, fìlà náà kò sì wẹ̀yìn. Ìyá kò já gbúre kankan. Ó lọ dúró sẹ́yìn Bàbá, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, èmi náà sì wà lẹ́yìn wọn pẹ́kípẹ́kí.

"Ẹ yà sọ́wọ́ òsì. Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Ó ti dúró."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Bàbá ò rí kannakánná mọ́. Igbe wọn ló ti ń gbọ́ tó fi ń yìnbọn, atẹ́gùn sì ti gbé igbe náà lọ. Ìdí tí Ìyá kò fi fẹ́ kó jáde nìyẹn, ìdí kan náà ló sì fi bá a jáde.

"Ẹ yìn ín."

Ìbọn dún, èéfín bò wá lójú. Nígbà tó máa ká, ẹyẹ ti wà nílẹ̀ láàárín poro, atẹ́gùn ń gbé ìyẹ́ dúdú àti funfun kiri. Ìyá gbá Bàbá mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Inú mi dùn ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ, kí ọkọ mi má bínú.

Lọ́sàn-án, ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ wọlé. Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà. Wọ́n bá kannakánná náà tí Bàbá ti so rọ̀ sórí igi láàárín oko kí àwọn yòókù lè rí i sá.

"Bàbá, ojú yín ṣì ríran tó báyìí?" ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Ìyá yín ló bá mi rí i," Bàbá fèsì. "Èmi kàn yìn ín ni."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní Bàbá kò ní fi àwàdà sílẹ̀ láéláé. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ gbígba ìbọn. Ìyá fa abọ́ ọbẹ̀ sún mọ́ ibi tí ọwọ́ Bàbá ti máa bá a, ó sì ní kó jẹun.